Agogo Tí Wọn Kò Lù fún Mi

Ọjọ́ Ẹtì, 2 oṣù karùn-ún

A dé. Ọkọ̀ òfuurufú méjì, bọ́ọ̀sì kan, wákàtí mẹ́sàn-án lórí àga tí irin rẹ̀ ń gún mi nídìí. Ẹsẹ̀ mi wú bí búrẹ́dì. Ilé-ìwé ni wọ́n fi wá wọ̀ sí, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní ìsinmi. Wọ́n kó àga jáde, wọ́n to ibùsùn méjì méjì sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Pátákó ìkọ̀wé ṣì wà lára ògiri wa. Ìṣirò ọmọ kan wà lára rẹ̀, ó sì ṣì í. Mo bá a tún un ṣe kí n tó tú ẹrù.

Àwa mọ́kànlá la wá láti ìjọ wa. Àwọn tí màá máa dárúkọ jù: Alàgbà tó jẹ́ olórí wa — Baba Alágogo ni mo sọ ọ́. Ó gbé agogo idẹ kan dání láti ilé: agogo ìjí, agogo àdúrà, agogo oúnjẹ, agogo ẹ-ṣíwọ́. Ó kù díẹ̀ kó máa lù ú ká tó sín. Nọ́ọ̀sì Àgbà, tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́: ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ ju òwú lọ. Ẹni tí a jọ wà nínú yàrá, ọdún mẹ́jọ la ti jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Oníhanrun. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti mọ̀ pé oorun ti parí fún mi.

Gbogbo fóònù ti wọnú agolo bisikíìtì. Òfin ìrìn-àjò ìhìnrere wa nìyẹn, kí ọkàn ẹnikẹ́ni má bàa pín sí méjì. Ọjọ́ Àìkú nìkan la ó máa gbà á, ààbọ̀ wákàtí péré. Ti Baba Alágogo nìkan ni kò wọ agolo, nítorí pàjáwìrì. Mo ti mọ̀ kí n tó wá. Síbẹ̀, nígbà tó dé ọmọrí agolo náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já a gbà. Màmá mi wà nínú agolo yẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 oṣù karùn-ún

Pínpín iṣẹ́. Àwọn ọkùnrin máa tún òrùlé ilé ìwòsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé ṣe. Aránṣọ ni mí, mo rò pé aṣọ ibùsùn àti aṣọ àwọn aláìsàn ni wọ́n torí ẹ̀ mú mi wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni — lọ́sàn-án. Maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kan wà ní yàrá ẹ̀yìn, ó ń wúkọ́ bí arúgbó. Àmọ́ ti àárọ̀ ńkọ́? Nọ́ọ̀sì Àgbà kà á síta lójú gbogbo wa: "Sísítà Aránṣọ á máa bá mi wẹ àwọn àgbàlagbà. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, ara ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọdún kan àti oṣù méjì ni mo ti ń wẹ Màmá mi, láti ọjọ́ tí apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti kọ̀ṣẹ́. Mo kọjá òkun tán, wọ́n tún gbé kànrìnkàn lé mi lọ́wọ́.

Ta tiẹ̀ ló fi orúkọ mi sínú ìrìn-àjò yìí? Ó lé ní ọgbọ̀n èèyàn tó gba fọ́ọ̀mù. Èmi ò gbà á. Wọ́n ṣàdédé pe orúkọ mi níwájú ìjọ ni. Mo bi Baba Alágogo, ó ní Ẹ̀mí ló yàn mí. Ẹ̀mí náà kúkú mọ nọ́ńbà fóònù mi, kò pè mí.

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù karùn-ún

Ààbọ̀ wákàtí wa. Àbúrò mi gbé fóònù sí Màmá létí. (Òun ló wá gba ipò mi nílé, ó ti ilé ọkọ rẹ̀ wá.) Ẹnu Màmá ṣì wọ́ sápá kan. Ọ̀rọ̀ kan á jáde, èkejì á máa wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn. Àmọ́ àwàdà ò tán lẹ́nu rẹ̀. Ó béèrè bóyá àwọn ọkùnrin ibí ní eyín. Ó ní bí wọ́n bá ní, kí n mú ọ̀kan bọ̀, ọdún mẹ́tàlélógójì kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ó ní Àbúrò ń wẹ òun bí ẹni ń fọ mọ́tò. Mo gbọ́ Àbúrò lẹ́yìn: "Mọ́tò tí kì í dúpẹ́!"

Ó ní òun ti ń di irin ibùsùn mú dìde. Òun á dúró, òun á ka ení, èjì, títí dé mẹ́wàá, kí òun tó jókòó. Ó ní lọ́jọ́ tí mo bá dé, òun á rìn wá pàdé mi lẹ́nu géètì. Mo ní ọjọ́ kẹtàlélógún ni, ọjọ́ Ẹtì. Ó ní òun ti ń ka ìyẹn náà. "Mò ń dúró dè ọ́." Ẹnu mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là láti sọ nǹkan kan báyìí, agogo lù. Baba Alágogo na agolo sí mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù náà lù ú.

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù karùn-ún

Mo wẹ àgbàlagbà mẹ́fà. Ẹ̀yìn mi ò.

Ọjọ́rú, 7 oṣù karùn-ún

Àwọn obìnrin mẹ́ta kan láti ìgboro ń wá kọ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ mi. Wọn ò gbọ́ èdè mi, mi ò gbọ́ tiwọn. Ògbufọ̀ kan ṣoṣo la ní, olùkọ́ obìnrin kan nílé-ìwé yìí, ilé ìwòsàn ló sì máa ń wà. Ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀. Mo ká etí aṣọ, wọ́n ká a. Ọ̀kan nínú wọn ti ìka bọ abẹ́ abẹ́rẹ́, mo gbá a lọ́wọ́ bí Màmá ṣe máa ń gbá mi nígbà tó ń kọ́ mi. Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ìyẹn yé wa.

Bàbá kan wà nílé ìwòsàn tí kò gbà kí ẹlòmíì wẹ òun àfi èmi. Nọ́ọ̀sì Àgbà ní mo ti rí àfẹ́sọ́nà.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù karùn-ún

Màá kọ ọ́ síbí, torí ìwé kì í rojọ́ ẹni fún ẹnìkan.

Kì í ṣe iṣẹ́ Olúwa ló gbé mi wá. Ó rẹ̀ mí ni. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi níwájú ìjọ, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mi ò ní jí lẹ́ẹ̀mẹta láti yí ẹnikẹ́ni padà lórí ibùsùn. Mi ò ní gbé ẹnikẹ́ni lọ sílé ìwẹ̀. Mi ò ní fọ aṣọ ibùsùn tútù kí n sá a sórí okùn ẹ̀yìn ilé láràárọ̀. Mo wọ yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn, inú mi dùn. Mo wá jáde, mo fajú ro bí ẹni tí Olúwa di ẹrù lé lórí, mo sọ fún Màmá pé mi ò lè kọ̀ fún Ọlọ́run. Ó ní, "Lọ. Ta ló ń kọ̀ fún Ọlọ́run?" Ó wò mí pẹ́.

Kò tán síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn, ó da tíì sórí aṣọ ibùsùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́. Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní, "Ṣé èmi nìkan lẹ bí ni?" Ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í nu tíì náà. Ó ń nù ún, ó ń nù ún, tíì tó ti mu sínú aṣọ. A ò mẹ́nu bà á mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn lọ́jọ́ Àìkú tí agogo fi lù. Èyí tó ń bọ̀, màá bẹ̀ ẹ́. Kí agogo lù kó fọ́, màá bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù karùn-ún

Wọ́n ń fín oògùn kòkòrò sílé ìwòsàn, kò sí wíwẹ̀ lónìí, àárọ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ ìránṣọ. Bí aago mẹ́wàá ti lù báyìí, ẹni tí mo gbá lọ́wọ́ lọ́jọ́sí dìde láti fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn mí — ó ti rán aṣọ aláìsàn mọ́ síkẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀! Ó ń lọ, aṣọ ń tẹ̀lé e, maṣíìnì fẹ́ tẹ̀lé aṣọ. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì Àgbà sáré yọjú pé ta ló ń pa mí. Mi ò mọ̀ pé irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ṣì kù nínú mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 oṣù karùn-ún

Nǹkan ń ṣẹlẹ̀ níbí. Wọ́n pe Baba Alágogo lórí fóònù rẹ̀ lánàá lọ́sàn-án. Látìgbà náà kò lu agogo oúnjẹ, ṣe la kàn rí oúnjẹ. Láàárọ̀ yìí mo bá mẹ́rin nínú wọn lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n dorí kodò. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n dá orin sílẹ̀. Orin ìkórè! Nínú oṣù karùn-ún! Mo fura pé wọ́n ń ṣètò nǹkan ìyàlẹ́nu kan fún mi, torí ọjọ́ ìbí mi máa bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí a máa padà. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí wọn.

Oníhanrun ò hanrun mọ́. Mo sùn bí òkúta. Ojú rẹ̀ pọ́n láàárọ̀, ó ní eruku ni.

Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù karùn-ún

Mo sọ ọ́. Ọpẹ́ ni fún Olúwa, mo ti sọ ọ́.

Àbúrò ló gbé fóònù. Ohùn rẹ̀ há, ó ní ọ̀fìnkìn ni. Mo ní kó gbé e fún Màmá. Ó ní ẹnu Màmá wúwo, kò ní lè fèsì. Mo ní kò burú, kó ṣáà gbé e sí i létí, kí òun náà sì kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ èmi àti Màmá ni. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Mo kanra. Mo ní, "Ṣèlérí fún mi pé wàá gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀." Ó pẹ́ kó tó ṣèlérí. Ó ní kí n dúró. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, mo gbọ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ — afẹ́fẹ́ gidi — àti àkùkọ kan tó ń kọ. Inú mi dùn. Wọ́n ti ṣí fèrèsé fún un. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún un pé kí wọ́n máa ṣí fèrèsé yẹn.

Mo lọ sẹ́yìn táǹkì omi, mo sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Pé ó rẹ̀ mí. Pé mo sá ni. Ọ̀rọ̀ tíì. Pé kì í ṣe bó ṣe jáde lẹ́nu mi ló ṣe wà nínú mi. Mo ní, "Ẹ forí jì mí, Màmá. Bí mo bá dé, màá máa ṣe é tìfẹ́tìfẹ́." Mo kọ orin tó fẹ́ràn, ẹsẹ mẹ́ta. Mo sunkún díẹ̀. Kò fèsì, àmọ́ mò ń gbọ́ afẹ́fẹ́ náà ṣáá, ó sì dá mi lójú pé mo gbọ́ èémí rẹ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo wo aago, ó ti lé ní ogójì ìṣẹ́jú. Agogo ò lù. Mo padà wọlé, mo bá Baba Alágogo tó jókòó ti agolo. Agogo wà lórí itan rẹ̀, ó fi ìka méjì di ahọ́n rẹ̀ mú. Ó ní kò sí wàhálà, ọmọ mi. Kí ló ń ṣe bàbá yìí?

Ara mi fúyẹ́. Ó ti pẹ́ tí ara mi ti fúyẹ́ báyìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 oṣù karùn-ún

Wọ́n ti sọ mí di olorì. Ẹran kọ̀ọ̀kan ló kan gbogbo èèyàn lánàá, méjì wà nínú àwo mi. Mo wo àwo Oníhanrun, kò sí ẹyọ kan. Ó ní ẹran ń há òun léyín. Èmi ló kàn láti fọ àwo, kí n tó dé ìdí omi ẹnìkan ti fọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀sì Àgbà ní kí n lọ sinmi lọ́sàn-án. Nọ́ọ̀sì Àgbà! Obìnrin tó gbà pé láti ọjọ́ keje tí Ọlọ́run ti sinmi, kò tún sí ìsinmi mọ́. Bóyá mo ti rù ni. Mo ṣáà jẹ ẹran mi.

Àlejò tuntun dé sílé ìwòsàn: àgbàlagbà kan tí kò lè mí dáadáa, àti ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ó gbé báàgì ọ̀rá kan lé itan. Bàtà ọkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó ti kùn ún, ó ń dán. Ògbufọ̀ bi í pé kí ló dé tó gbé bàtà dání. Ó ní kó lè rí nǹkan wọ̀ lọ sílé. Màmá Oníbàtà.

Ọjọ́rú, 14 oṣù karùn-ún

Ìpàdé àdúrà. Wọ́n ní kí kálukú dárúkọ ohun tó ń fẹ́. Mo dìde, mo ní kí wọ́n bá mi dúpẹ́ pé Màmá mi ti ń dá dìde, kí wọ́n sì bá mi gbàdúrà kó lè rìn dé ẹnu géètì lọ́jọ́ kẹtàlélógún. Oníhanrun dìde, ó jáde. Baba Alágogo ní ká gbàdúrà fún gbogbo ìyá, níbi gbogbo. Mo ní rárá o, màmá tèmi ni mo dárúkọ. Wọ́n gbà á. "Àmín" wọn fà nílẹ̀ bí ẹni tó ń wọ́ àpò sìmẹ́ǹtì.

Àárẹ̀ ni. Ó ti rẹ gbogbo wa.

Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù karùn-ún

Ọkọ Màmá Oníbàtà kú láàárọ̀ yìí, ní nǹkan bí aago méje. Èmi àti Nọ́ọ̀sì Àgbà la wà níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì níta, ó ń fi etí aṣọ nu bàtà. Awakọ̀ ni ọmọ wọn, ọ̀nà rẹ̀ jìn, ó di ọ̀la kó tó dé. Nọ́ọ̀sì Àgbà ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ìyá náà kí ọmọ tó dé, torí ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ṣe é nílé wa. A kì í túfọ̀ fún ẹni tí kò tíì jẹun, a kì í túfọ̀ fún ẹni tó dá wà. Èmi ni wọ́n yàn láti pa irọ́ náà, torí ojú mi kì í jẹ́rìí mọ́ mi.

Mo ní kí ògbufọ̀ bá mi sọ pé wọ́n ti fún bàbá lábẹ́rẹ́, kò gbọdọ̀ rí àlejò. Mo gbé tíì wá fún un, súgà mẹ́ta. Mo gbé ẹyin wá. Mo mú ìrọ̀rí tí mo fọwọ́ ara mi rán, mo fi sí i lẹ́yìn. Ó wo ìrọ̀rí, ó wò mí. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó fún un pọ̀. Kò tún béèrè nǹkan kan mọ́.

Mo rò pé mo ṣe é dáadáa.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 oṣù karùn-ún

Ọmọ náà dé lọ́sàn-án, wọ́n sì sọ fún ìyá rẹ̀. Kò pariwo. Ó ránṣẹ́ pè mí. Ògbufọ̀ jókòó sáàárín wa. Bó ṣe sọ ọ́ nìyí. Ó ní òun ti mọ̀ látàná. Ó ní láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni òun ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, kò sẹ́ni tó fún òun lómi mu. Òjijì ni tíì dé, ẹyin dé, ìrọ̀rí dé. Ó ní nígbà tí òun rí ìrọ̀rí ni òun mọ̀ pé òun ti di opó, torí èèyàn kì í ṣàdédé ṣojúure tó bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ó ní òun dákẹ́ torí òun rí i lójú mi pé àánú ni mo fi ń purọ́. Ó gbé báàgì bàtà lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n fún ẹni tó bá máa rìn lọ sílé.

Mo gbé e lọ sí yàrá ìránṣọ. Mo jókòó sídìí maṣíìnì.

Ẹran méjì. Àwo tí ẹlòmíì fọ̀. Oníhanrun tí kò hanrun. Orin ìkórè. Àmín yẹn. Agogo tí Baba Alágogo fi ìka méjì di ahọ́n rẹ̀ mú.

Mi ò lọ bá ẹnikẹ́ni. Mi ò jẹun ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tó bi mí pé kí ló dé. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 oṣù karùn-ún

Mi ò dúró de agogo ìjí. Mo bá Baba Alágogo nínú yàrá oúnjẹ, ó ń kọ ètò ọjọ́ náà. Mo ní, "Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má purọ́ fún mi. Ta ló kú nílé wa?" Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní kí n jókòó, mo ní mi ò jókòó. Ó ní ṣé mo ti jẹun. Mo lọgun. Ṣé mo ti jẹun!

Màmá mi ni. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án, aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá díẹ̀. Ó di irin ibùsùn mú, ó ń kà. Ó ka ẹẹ́fà. Àbúrò gbá a mú kó tó kan ilẹ̀, àmọ́ ó ti lọ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín, torí ó ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí wọ́n má gbé òun sínú yìnyín, ẹ̀yìn ilé ni kí wọ́n sin òun sí, níbi okùn aṣọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n sin ín. Ọjọ́ Àìkú ni mo pè. Ta wá ni mo ń bẹ̀? Ta ni mo kọrin fún?

Mo bú wọn. Gbogbo wọn. Wọ́n gbọ́ tí mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí òkú rìn dé ẹnu géètì, wọ́n sì ṣe àmín sí i. Oníhanrun kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, mo ní kó lọ sùn. Nọ́ọ̀sì Àgbà dúró gbagidi, omi ń dà lójú rẹ̀. Òun ni mi ò rí bú tán, torí àwa méjèèjì la jọ gbé ìrọ̀rí fún Màmá Oníbàtà.

Baba Alágogo ní Màmá fúnra rẹ̀ ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ó ní ó ránṣẹ́ pe òun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, kí wọ́n tó ka orúkọ. Màmá ní, "Ẹ mú ọmọ mi lọ síbi tí á ti rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, mi ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ mọ́." Ó sì ní bí ohunkóhun bá ṣe òun, kí wọ́n má sọ fún mi títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á fi pé. Mo sọ ọ́ sí i lójú pé mi ò gbà á gbọ́. Ó rọrùn láti fi ọ̀rọ̀ sí òkú lẹ́nu, kò ní jí láti sọ pé òun ò sọ ọ́.

Ó ṣí agolo, ó gbé fóònù mi lé mi lọ́wọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ òfuurufú tó kàn, màá bá a lọ. Mi ò pe ilé. Mo ti fóònù bọ abẹ́ ìrọ̀rí, mo sùn lé e.

Ọjọ́ Àìkú, 18 oṣù karùn-ún

Mo pe Àbúrò. Ó gbé e. A sunkún. Ọ̀fìnkìn kọ́ ló ti ń ṣe é látijọ́ yìí, ẹkún ni.

Mo bi í. Mo ní, lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, etí ta lo gbé fóònù sí? Ta ló gbọ́ ohun tí mo sọ?

Ó ní, "Kò sẹ́nìkan, Àǹtí mi. Ẹ ti mú mi ṣèlérí." Ó ní òun gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, òun gbé fóònù náà lé orí ilẹ̀ tuntun náà, lábẹ́ okùn aṣọ, níbi tí orí Màmá wà. Òun wá rìn lọ sẹ́nu géètì kí òun má bàa gbọ́, torí mo ní ọ̀rọ̀ èmi àti Màmá ni. Ó dúró níbẹ̀ títí ó fi dá a lójú pé mo ti sọ tán.

Kò sí fèrèsé kankan. Afẹ́fẹ́ ìta ni. Àkùkọ aládùúgbò ni.

Mo tún bi í: ṣé lóòótọ́ ni Màmá ní kí wọ́n mú mi wá? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá sọ fún òun lọ́jọ́ tí òun dé. Ó ní kí òun má jẹ́ kí n mọ̀, torí bí mo bá mọ̀ mi ò ní lọ. Ó ní Màmá sọ ọ̀rọ̀ tíì kan fún òun. Mo ní kó sọ ọ́ bí Màmá ṣe sọ ọ́, kó má yọ nǹkan kan.

"Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n rẹ bi mí bóyá òun nìkan ni mo bí. Òótọ́ ló sọ. Ó ti yẹ kí n jẹ́ kó sinmi.'"

Kò bínú. Mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri bí ẹni gbé ẹyín iná, òun ti gbà á gẹ́gẹ́ bí òótọ́, ó ti ránṣẹ́ pe Alàgbà, ó ti bá mi tọrọ ìsinmi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ torí rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ gan-an ló mú kó rán mi lọ, tí mi ò fi sí níbẹ̀.

Mo ṣí ìwé yìí padà sí ọjọ́ kẹsàn-án. Aago mẹ́wàá. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́: mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo mú bírò láti pa á rẹ́. Bírò wà lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àmì dúdú kan ti wà níbẹ̀ báyìí.

Mi ò pa á rẹ́. Ohun tí Màmá rán mi wá ṣe nìyẹn.

Mo rẹ́rìn-ín, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.